Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Nínú àpótí tí mo ń kó àwo orin sí, jùjú ló pọ̀ jù; àpàlà àti sákárà ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n síídì kan wà láàrin wọn tí àlejò kì í rí kí ó má béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀. Orin àwọn Clash ni, ẹgbẹ́ olórin punk ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. 'Should I Stay or Should I Go' ni àkọlé rẹ̀.

Ní ọdún 1982 ni orin yìí kọ́kọ́ jáde, ipò 17 ni ó sì dé láàrin àwọn orin tó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1986, ẹgbẹ́ náà tú ká. Nígbà tó di 1991, ilé-iṣẹ́ Levi's mú orin náà, wọ́n fi polówó ṣòkòtò jíìnsì lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n tún un gbé jáde, ó sì bọ́ sí ipò kìíní ní oṣù kẹta ọdún náà. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọrin pa pọ̀, wọn kò dé ipò yẹn rí. Ìgbà tí wọ́n ti fọ́nká tán ni ṣòkòtò wá gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà èwe rẹ̀, rí síídì náà lọ́wọ́ mi, ó sì fajú ro. Ó ní kí n gbé e jù nù. Lójú tirẹ̀, àwọn tí wọ́n fi gìtá líle àti ohùn kíkan bẹnu àtẹ́ lu ìjọba àti olówó kò gbọdọ̀ di apolówó ọjà. N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí n kò lè fi pamọ́: ìpolówó yẹn gan-an ló mú mi ra síídì náà. N kò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà rí. Bí kì í bá ṣe ti oníṣòkòtò, n kì bá tí wá àwo ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1977 kàn, níbi tí mo ti gbọ́ 'Police and Thieves', orin Junior Murvin ará Jàmáíkà, lẹ́nu àwọn ọmọ òyìnbó. N kì bá tí mọ̀ pé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin ọdún 1978, wọ́n kọrin ní Victoria Park ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi àpéjọ ńlá tí wọ́n fi tako ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Fún aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ìlú onílùú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi ti inú ọjà wọ inú orin. Síbẹ̀, n kò ní tìtorí èyí dá oníṣòkòtò láre. Adùn gìtá nìkan ni ó gbé fún wa; ìjà tí ń bẹ lẹ́yìn orin, ó fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ra síídì náà lè má wá ìjà yẹn kàn láéláé. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà má wá a.

Ìdí nìyí tí síídì náà fi wà níbẹ̀ títí di òní. N kò lè jù ú nù, n kò sì lè máa fi yangàn. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, 'Police and Thieves' ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sí i fún un.