Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún ní Hội An pẹ̀lú Ọmọ Méjì

Láti ìgbà tí a ti dé láti ilẹ̀ Vietnam ni àwọn ojúlùmọ̀ ti ń bi mí pé kí ni tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ń kó ọmọ kéékèèké méjì lọ ṣe ní ibi tí wọn kò ní ẹbí, tí wọn kò ní ará. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wí lójú mi pé owó ló ń pa wá bí ọtí. Owó kọ́. Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni ìsinmi wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún mẹ́ta ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ fi dá àjọ. Ibi tí oúnjẹ àti ilé gbígbé kò ti wọ́n ni a ń wá, kí àwọn ọmọ sì rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdí nìyẹn tí a fi lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní Hội An, ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún 2025.

Hội An wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Vietnam, bíi kìlómítà 30 sí gúúsù Đà Nẵng, lẹ́bàá odò Thu Bồn. Kí ẹ̀yin oníṣòwò fetí sí ìtàn rẹ̀. Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, èbúté ńlá ni. Àwọn ará Japan, Ṣáínà, Pọtogí àti Họ́láǹdì ń gbé ọkọ̀ wá síbẹ̀ láti ra sẹ́dà àti àwo tánganran. Nígbà tó yá, iyanrìn dí odò náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé mọ́, Đà Nẵng sì gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlú náà tòṣì dé ibi pé wọn kò rí owó fi wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Àṣé oríire ló wà nínú ìyà náà. Ní ọdún 1999, UNESCO ka ìlú àtijọ́ náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Lónìí, àwọn ilé àtijọ́ yẹn, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà fún àlejò.

Afárá onílé kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ará Japan kọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ère ajá méjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan, ère ọ̀bọ méjì ń ṣọ́ èkejì. Àwòrán afárá yìí wà lára owó 20,000 đồng. Àlàó, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, na owó náà sókè, ó wò ó, ó wo afárá, ó sì bi mí pé èwo ló ṣe ẹ̀gbọ́n. Pọ́n-ùn kan lé ní 30,000 đồng, nítorí náà gbogbo ọjà tí a bá ná ni Àdùkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fi ń ṣe ìṣirò.

Oòrùn ibẹ̀ mú púpọ̀. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni a ń jáde, a ó wọlé kí ọ̀sán tó pọ́n, a ó tún jáde ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn wákàtí kan wà lójúmọ́ tí ọkọ̀ àti alùpùpù kì í wọ ìlú àtijọ́; nígbà náà ni àwọn ọmọ máa ń sáré bó ti wù wọ́n. Bánh mì, búrẹ́dì tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ni oúnjẹ àárọ̀ wa. Omi ẹja tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ rán ìyàwó mi létí irú. Ó gbé ànkárá lọ fún aránṣọ kan, nítorí aránṣọ pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Obìnrin náà fọwọ́ pa aṣọ náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n sì ná an títí ẹ̀rín fi pa àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ Àdùkẹ́ ti parí.

Èdè wọn ni ó jọ mí lójú jù. Ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ bí tiwa: ma ni iwin, má ni ìyá, mả ni sàréè. Àlùfáà kan, Alexandre de Rhodes, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè wọn ní Róòmù ní 1651. Samuel Àjàyí Crowther tẹ tiwa ní 1843. Lórí pátákó gbogbo, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, wọn kì í yọ àmì ohùn sílẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, àwa ńkọ́?

Wọn kì í sì í pe ènìyàn lásán. Bí ẹni náà bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá tàbí bàbá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè béèrè ọjọ́ orí ẹni. Mo kọ́kọ́ jẹ́ anh, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé tíṣà ni mí, mo di thầy. Àdùkẹ́ ti máa ń bá mi jiyàn nílé pé kí ló dé tí òun kò gbọdọ̀ pe àgbàlagbà ní “ìwọ”. Níbẹ̀ ni ó ti wí pé, “Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan!”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ yí padà. Àdùkẹ́ jí lóru, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ní orí àti ẹ̀yìn ojú ń dun òun. Ìyá mi sọ lórí fóònù láti Ìbàdàn pé ibà ni, kí a lo oògùn ibà. Ìyá àwọn ọmọ ní kí a wọ ọkọ̀ òfurufú padà. Èmi ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ ti mọ́, onílé wa, ìyá àgbà tí àwọn ọmọ ń pè ní bà, sìn wá lọ sí ilé ìwòsàn. Dengue ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ẹ̀fọn tirẹ̀ ń jẹni, inú omi tó dúró sínú ìkòkò, agolo àti táyà ló sì ń yé sí. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi mímu, ìsinmi àti parasitamọ́ọ̀lù ni ìtọ́jú. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Ó ní ìgbà tí ara bá ń tutù gan-an ni kí a ṣọ́ ọ jù: bí inú bá ń run ún gidigidi, bí ó bá ń bì léraléra, bí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí a gbé e padà kíákíá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ tutù. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò fojú ba oorun ní òru méjì. Ìyá àgbà ń se ẹ̀kọ ìrẹsì wá láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ keje, Àdùkẹ́ béèrè bánh mì. Ìyàwó mi jáde lọ rà á, ó sì pẹ́ kí ó tó wọlé, nítorí ó ń sunkún lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, “Ẹ bá mi kí ìyá tó ń se ẹ̀kọ yẹn. Ẹ ní mo ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó rí ibi.” Àdùkẹ́ ló jíṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti kó ọmọ rìn jìnnà, ẹ dúró sí ojú kan pẹ́, kí aládùúgbò lè mọ̀ yín. Ẹni tí ó mọ ni ló ń gba ni lọ́jọ́ ìṣòro. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Vietnam tí a ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tó 90 ọjọ́. Ẹ má ṣe lọ sí Hội An ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, nítorí omi odò a máa wọ inú ilé. Ẹ fi aṣọ bo apá àti ẹsẹ̀ ọmọ lọ́sàn-án. Dengue wà ní ilẹ̀ wa náà, nítorí náà ẹ da omi inú agolo ẹ̀yìnkùlé nù lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà.