Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ìhìnrere?

Bí a bá bi ọmọ ìjọ mẹ́wàá léèrè pé iṣẹ́ ta ni kíkéde ìhìnrere í ṣe, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án nínú wọn nawọ́ sí ilé àlùfáà. Wọn yóò ní òun ni a yàn, òun ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun ni ìjọ sì ń bọ́ nítorí rẹ̀. Ẹnì kẹwàá lè dáhùn pé iṣẹ́ gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ta ni òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́ fún rí, yóò wolẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Fún àwa ará Ìgangan, ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun àfẹnusọ lásán. Ìlú méje ni a mọ̀ sí Ìbàràpá: Ìgangan, Èrúwà, Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Lánlátẹ̀. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní àwọn ìlú wọ̀nyí, o lè bá ẹ̀gbọ́n tí ń kírun, àbúrò tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti bàbá àgbà tí kò fi Ifá sílẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni a ti ń bu ọbẹ̀ fún gbogbo wọn. Bí a bá wá ní kí onígbàgbọ́ sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ta ni yóò sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Bí ó bá sì sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, ilé lè tú. Iṣẹ́ tí Olúwa rán ni wà ní apá kan, àlàáfíà agbo ilé wà ní apá kejì. Kò sì sí èyí tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ìwé Mímọ́. Nínú orí kẹjọ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, a kà pé inúnibíni ńlá dìde sí ìjọ ní Jerúsálẹ́mù, gbogbo ọmọ ìjọ sì fọ́nká, àfi àwọn àpọ́sítélì. Àwọn tí ó fọ́nká yìí ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Kíyè sí i dáadáa: àwọn tí a yàn dúró sí ilé, àwọn tí a kò yàn ni ó gbé ìhìnrere rìn. Nígbà tí ó yá, àwọn kan nínú wọn dé Áńtíókù, wọ́n sì sọ ọ́ fún àwọn Gíríkì. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó àlùfáà ni ó kọ́kọ́ gbé ìhìnrere dé Abẹ́òkúta, ìlú ńlá tí ó wà ní ìhà gúúsù Ìbàràpá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Kristi, tí wọ́n sì kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1839, àwọn kan nínú wọn dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kọrí sí ilé. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, wọn kò gbàgbé àdúrà wọn. James Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, kọ̀wé sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown ní ọdún 1841 pé kí wọ́n rán olùkọ́ wá. Ìwé rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Thomas Birch Freeman wá ní ọdún 1842. Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend padà, Andrew Wilhelm, ọmọ Yorùbá tí a kò fi jẹ àlùfáà, dúró ní ìlú náà, ó ń ṣe ìtọ́jú àwọn onígbàgbọ́ títí àwọn àlùfáà fi padà wá ní ọdún 1846. Ǹjẹ́ bí àwọn wọ̀nyí bá ti sọ pé iṣẹ́ àlùfáà ni, ta ni ì bá pe àlùfáà wá?

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ṣì í gbọ́ ní ọ̀nà kejì. Wọ́n ní bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí olúkúlùkù gbé agogo, kí ó máa ké ní ìkóríta. Lóòótọ́, Ọlọ́run a máa pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Ní ọdún 1930, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Ìpè tirẹ̀ nìyẹn. A kò rán gbogbo wa bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù pàápàá sì kọ́ àwọn ará Éfésù pé àwọn kan ni a fi ṣe ajíhìnrere.

Kí ni ó wá kù fún ìyókù wa? Ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Lọ sí kóòtù kí o wo ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe agbẹjọ́rò, a kò sì ní kí ó dá ẹjọ́. Ohun tí a ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé kí ó sọ ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní iṣẹ́ olúkúlùkù onígbàgbọ́ ni: a lè bẹ àlùfáà kí ó bá wa wàásù, a kò lè bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa jẹ́rìí.

Ẹ̀rí yìí ní ohun méjì nínú. Ìwà ni èkíní, nítorí ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Mo mọ ìyá kan ní ìlú wa tí kò mọ̀wé, tí ń ta èlùbọ́. Àwọn kan a máa lu ìdí kóńgò wọnú kí ó má baà gba púpọ̀. Kóńgò tirẹ̀ a máa kún dé ẹnu, yóò sì tún bu ẹ̀ẹ̀kún lé e. Nígbà tí obìnrin Mùsùlùmí kan bi í pé kí ló dé tí kì í rẹ́ ni jẹ, ó ní, “Ẹni tí mo ń sìn ń wo ọwọ́ mi, ìyá.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá ń wo ìwé ẹnì kejì rẹ nínú ìdánwò, má ṣe jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu bí kò bá fẹ́ gbọ́ nípa Olúwa rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni èkejì, nítorí bí ìyá yẹn bá dákẹ́ nígbà tí a bi í, ìwà rere rẹ̀ ni à bá yìn, a kì bá mọ Ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Pétérù kọ̀wé pé kí a múra láti dáhùn, kí a sì fi ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ ṣe é. Wo Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Ó ti di àlùfáà kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Síbẹ̀ ó ju ọdún kan lọ kí ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848. Ní ọdún 1872, nígbà tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó dé ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin. Ó dáhùn ìbéèrè àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́, kò sì fi ìjà ṣe é.

Nítorí náà, bí ìwọ bá jẹ́ onígbàgbọ́, má ṣe gbé ẹrù rẹ lé àlùfáà lórí. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti rán ọkùnrin tí ó wò sàn ní ilẹ̀ Gádárà padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún bàbá àgbà rẹ kí o tó sọ̀rọ̀, má sì fi ohun tí ó ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá ní ó tó, dákẹ́, kí o sì máa bá a pọn omi rẹ̀ bí ti àná. Má fi ẹ̀bùn tan ọmọdé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ sọ ti ìgbàgbọ́ tirẹ̀, fetí sílẹ̀ bí ìwọ náà ti fẹ́ kí ó fetí sí tìrẹ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn tí ilé kì í fi í tú. Yíyí ọkàn padà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ, ti Ọlọ́run ni. Sọ ohun tí o mọ̀, kí o sì gbé ìgbé ayé tí yóò mú kí ẹni tí ó gbọ́ ọ lè gbà ọ́ gbọ́.