Ìwọ̀n Ọmọ Kọ̀ọ̀kan

Ìka kò dọ́gba. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ilé-ìwé a máa ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí. A ó kó ogójì ọmọ sí iyàrá kan, a ó sì kọ́ gbogbo wọn ní ohun kan náà ní wákàtí kan náà. Èyí tí ó yára a máa jókòó, a máa yán. Èyí tí kò yára a máa sáré títí yóò fi ṣubú. Ní òpin ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣirò nìkan ni ọmọ kan kùnà, a ó ní kí ó padà lọ tún gbogbo ẹ̀kọ́ kíláàsì náà kọ́, àti èyí tí ó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá lọ, ìtìjú sì bò ó. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbà kórìíra ìwé.

Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí. Winnetka ni orúkọ rẹ̀; etí adágún Michigan ni ó wà, ní ìhà àríwá Chicago. Ní ọdún 1919, a fi Carleton Washburne, ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣe alábòójútó àwọn ilé-ìwé ìlú náà. Ó ti bá Frederic Burk ṣiṣẹ́ ní San Francisco, níbi tí Burk ti ń dán an wò pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lọ bí agbára rẹ̀ ti mọ.

Washburne mọ̀ pé àánú láìsí ètò kò lè kọ́ ọmọ. Nítorí náà, òun àti àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ wádìí ohun tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n tilẹ̀ yẹ ìwé ìròyìn wò fínnífínní, láti mọ orúkọ ènìyàn àti ti ibi tí òǹkàwé máa ń bá pàdé jù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gé ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́, bí a ti í gé iṣu fún ọmọdé, wọ́n sì ṣe ìwé tí ọmọ lè fi kọ́ ara rẹ̀, tí yóò sì fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Nígbà tí ọmọ bá rò pé òun ti mọ apá kan, yóò dán ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò tó fún un ní ìdánwò gan-an. Ibi tí ó bá ti ṣì í nìkan ni yóò padà sí. Káàdì kan wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí a ń kọ apá tí ó ti parí sí. Ọmọ lè wà níwájú nínú ìwé kíkà kí ó sì wà lẹ́yìn nínú ìṣirò, kò sì sí ẹni tí a ń dá padà sí kíláàsì tí ó ti kúrò.

Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá kọjú sí ìwé tirẹ̀, níbo ni ọmọ yóò ti kọ́ ìwà àjùmọ̀gbé? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Washburne kò gbàgbé èyí. Ìdajì òwúrọ̀ àti ìdajì ọ̀sán ni ó fi sílẹ̀ fún eré ìtàgé, orin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìjíròrò, níbi tí gbogbo ọmọ ti ń ṣe é pọ̀, tí a kì í sì í fi ìdánwò wọn wọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé ìlú olówó ni Winnetka. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, owó kọ́ ni ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ti kọ́. Olùkọ́ tí ó fara balẹ̀ wo ọmọ náà, tí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1940, ọdún mẹ́ta kí Washburne tó fi ipò náà sílẹ̀, wọ́n ṣí ilé-ìwé Crow Island ní ìlú náà. Eliel Saarinen àti ọmọ rẹ̀ Eero wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà. Nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, àwọn ìjókòó iwájú kéré, wọ́n sì ń tóbi sí i bí a ti ń lọ sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó kéré jù lọ lè kan ilẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ni gbogbo wọn jọ wà, ohun kan náà ni wọ́n sì jọ ń wò. Ilé-ìwé tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọpọlọ ọmọ, bí ó ti ṣe é fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.