Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi bá ológbò ṣeré ní Kumasi

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó ní aya àti ọmọ, tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa tún ìwé oníwèé ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun ni ó dojú bolẹ̀ gbalaja lórí ẹní ní Kumasi, tí ó ń fa ìrépé aṣọ kiri kí ológbò lè máa lé e. Èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kumasi. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí, nítorí àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣòwò ní Gánà láyé ìgbà náà. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá. Wọ́n ní kí ó padà sí ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Nígbà tí ó yá, ó tún padà sí Kumasi, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní, ní yàrá kan àti pálọ̀ kan nínú ilé olójúlé mẹ́jọ ní àdúgbò Asawase. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Kwasi nìkan ni ó kù tì í.

Ológbò ni Kwasi. Ọjọ́ Àìkú ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, Kwasi sì ni àwọn ará Asante ń sọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ara rẹ̀ kò yá gágá. Baba onílé ti fún un ní gbèdéke: láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kí ológbò náà kúrò nílé òun, tàbí kí òun àti Ìyá jọ kúrò. Ìyá wò mí, ó ní, "Àkànní, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n tún fún mi yìí o." Ẹ̀ṣẹ̀ Kwasi ni pé láti aago méjì òru ni yóò ti máa fò láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, tí yóò máa da ìkòkò nù, tí yóò máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn, tí yóò sì máa ké bí ọmọ jòjòló.

Igbe yẹn ni ó bà mí lẹ́rù ju ti onílé lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ bí ológbò bá ń ké lóru nílé arúgbó tí ó ń dá gbé. Ti Gánà kò yàtọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ní Kafaba lápá àríwá orílẹ̀-èdè náà, gbangba òde ni wọ́n ti lu Akua Denteh, ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, pa, wọ́n ní àjẹ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé obìnrin méjì nínú ilé náà dákẹ́ lójijì bí Ìyá ti ń kọjá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìkòkò tó ń dà nù.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún ẹranko náà kí ó máa rìn káàkiri. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan ń jẹ ológbò ní Gánà. Àní wọ́n ní orúkọ àwàdà fún ẹran náà, Joseph ni wọ́n ń pè é. Èyí tí Ìyá ní ṣáájú Kwasi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a kò rí irun rẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe mú ọ̀nà Adum àti ọjà Kejetia pọ̀n nìyẹn. Mo ra bọ́ọ̀lù oníṣaworo, mo ra eku onírọ́bà, mo sì ra tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ó ń tan iná pupa bíńtín sára ògiri. Owó gidi ni mo ná. Kwasi gbóòórùn eku náà lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà. Ọjọ́ méjì ni ó fi lé bọ́ọ̀lù. Iná pupa ni ó lé títí tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa á, ó jókòó síwájú ògiri, ó ń wá ohun tí kò sí. Lóru ọjọ́ náà, igbe rẹ̀ le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà ni ó là mí lójú. John Bradshaw, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2002 pé kì í ṣe eré ni ó ń sú ológbò, ohun ìṣeré kan náà ni ó ń sú u. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ yóò tún yá. Wọ́n sì ti rí i ṣáájú pé bí ebi bá ń pa á, eré rẹ̀ a máa gbóná sí i. Ọdẹ ni ológbò ń ṣe, ẹ̀yin ará. Àwa ni a ń pè é ní eré. Èkúté a máa sá, a máa sá pamọ́, nígbẹ̀yìn a sì kú. Rọ́bà tí mo rà kò lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo bá pa ọjà tì. Mo gba ìrépé aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ inú ilé náà. Ìyá so ìyẹ́ awó mẹ́ta mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo lu ihò sára páálí mílíìkì tí Kwasi lè wọnú rẹ̀ kí ó máa yọ ọwọ́, mo lu ihò sára ike omi, mo sì rọ ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ó máa yí i kí ó tó jẹun. Ìyá fẹ́ lo òwú ìránṣọ, ṣùgbọ́n dókítà ẹran ọ̀sìn kan ti kìlọ̀ fún wa. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wínníwínní tí gbogbo wọ́n dorí kọ ọ̀nà ọ̀fun. Bí òwú bá ti kọ́ sí i, kò lè tu ú dànù, àfi kí ó gbé e mì, òwú náà a sì máa rẹ́ ìfun bí ọ̀bẹ. Nítorí náà, bí eré bá ti parí, ìrépé aṣọ àti ìyẹ́ di inú àpò tí a so kọ́. Bí a bá mú èyí jáde lónìí, ó di ọ̀tunla kí ó tó tún fojú kàn án.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó jẹun. Mo kọ́kọ́ ń ju ìyẹ́ sí i lójú, kò dá mi lóhùn. Ìyá ni ó gba igi lọ́wọ́ mi: "Ta ni ó rí eku tí ó ń sáré wá bá ológbò rí?" Ó fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó fi pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ àga, ó mì í díẹ̀. Kwasi ba, ìdí rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fò mọ́ ọn. A óò ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, a óò jẹ́ kí ó pa ìyẹ́ náà tán pátápátá, lẹ́yìn náà ni Ìyá yóò gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ó jẹ, ó lá ara rẹ̀, ó sùn. Ní alẹ́ kẹrin, kò jí títí wọ́n fi pe ìrun ìdájí.

Eékún kò jẹ́ kí Ìyá lè dùbúlẹ̀ sílẹ̀ bíi tèmi, orí àpótí ni ó ń jókòó sí. Bí ó ti ń fa ìyẹ́ kiri ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní àwọn ní ológbò kan ní ọdún 1969. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn ti ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ gbéra, orí ògiri ni ó jókòó sí, ó ń wò wọ́n. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́rin ni èyí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó máa ń kà fún wa. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Kwasi fò mọ́ ìyẹ́, Ìyá sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, baba onílé dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Ìyá pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó wo Kwasi tí ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè nínú páálí. Ó ní òun kò tíì sọ pé òun gbà o, pé òun yóò padà wá ní ìparí oṣù. Oṣù ti parí níye ìgbà láti ọjọ́ náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá, aago mẹ́jọ alẹ́, láti bá Ìyá di igi mú, ìyá ọmọ náà a sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kí Ìyá.

Ìyá tẹ̀ mí láago lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí mo bá ń bọ̀, kí n bá òun gba ìrépé àǹkárá dání lọ́dọ̀ télọ̀ ìyàwó mi, nítorí èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun, Kwasi ti mọ gbogbo rẹ̀.