Àwa Tí À Ń Tọ́jú Arúgbó Ní Akute

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ọ̀sì ni wá, àwa mẹ́ta, Akute ni a sì ń gbé. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá kírun Súbùì tán, tí wọ́n ń sáré wọkọ̀ lọ sí Ojódù, àwa ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ojú oorun ni a máa ń wà tí wọn yóò fi kan ilẹ̀kùn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá kò lè dìde."

Ẹni tó bá mọ Akute yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ẹnu ààlà Èkó gan-an ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà kan ló wá kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, ọmọ àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lọ sí London àti Kánádà. Owó ń wọlé láti ọ̀hún lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kì í yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá gúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa nìkan ló lọ lọ́jọ́ náà. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá Bàbá, ó fà á sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dún kẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń lo oògùn ara ríro, ó ń fi ọ̀já di ẹ̀yìn lọ síbi iṣẹ́, títí tí kò fi lè rúkúù mọ́, tó jẹ́ pé orí àga ló ti ń kírun. Ìgbà náà la tó bi í. Èsì tó fọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì kì í ṣàìsàn. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀! Àwa náà sì ti sọ ọ́ rí.

Ti Màmá kan tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà tún burú jù ú lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń bèèrè ọkọ rẹ̀: "Alhájì ò tíì dé ni?" Nítorí pé a kò fẹ́ purọ́, a máa ń ní, "Màmá, Alhájì ti kú." Lójoojúmọ́ náà ni ó ń bú sẹ́kún bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa tí kò tíì sùn láti àná jágbe mọ́ ọn. A kì í ṣe aláìmọ̀kan; a mọ ohun tí Súratul Isrá', ẹsẹ 23, sọ nípa ṣíṣe síọ̀ sí òbí tó ti darúgbó. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí ẹni tó lè dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàrin wa.

Ọdún 3-3 ni a ń tún ìwé-àṣẹ wa gbà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, a sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé a lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ká má purọ́, ìwé ẹ̀rí lásán ni a máa ń wá lọ. A ó jókòó sẹ́yìn, a ó tòògbé, a ó jẹ ráìsì wọn. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá wa kò fún wa láàyè; ọjọ́ ìsinmi wa la fi lọ, àpò ara wa la sì ti sanwó. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí a sùn.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ wa kò kọ́kọ́ ṣí ìwé. Ó ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nawọ́. Ọwọ́ kún inú yàrá. Ó wá ṣẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì po, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀kan nínú wa láti èjìká dé itan, ó ní kí ẹni méjì dúró lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n ká etí aṣọ náà, kí wọ́n tẹ eékún, kí wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn débi pé ojú tì wá. Ó ní ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, bíi wákàtí 2-2 ni kí a máa yí i, kí a fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan fóòmù, nítorí ìdí àti gìgísẹ̀ ni egbò ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

A bi í nípa Màmá. Ó ní kò sí ẹni tó ní kí a purọ́, ṣùgbọ́n àárò ọkọ ló ń sọ Màmá, kì í ṣe ìròyìn ló ń bèèrè. Nígbà tí Màmá tún bèèrè, a ní, "Màmá, irú èèyàn wo ni Alhájì?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti kẹ̀kẹ́ tí Alhájì fi ń gbé e lọ sọ́jà, ó sọ ti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fẹ́ràn, ó sì sùn.

A máa ń dárúkọ Rufaidah al-Aslamiyyah ní ìpàdé láti fi yin iṣẹ́ wa, ẹni tí wọ́n tọ́jú Sa'd bin Mu'ādh nínú àgọ́ rẹ̀ ní Medina lẹ́yìn ogun Khandaq, ní ọdún 627. Ohun tí a kì í sọ ni pé, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe wí, ó kọ́ ìwòsàn lọ́wọ́ baba rẹ̀, òun náà sì kọ́ àwọn obìnrin mìíràn.

Láti ọdún 2012 ni UCH Ìbàdàn ti ní ilé ìtọ́jú arúgbó tirẹ̀. Àwa kò sí níbẹ̀, nítorí náà la fi bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ tiwa nínú pálọ̀ ní Akute, ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Ẹni tó bá rí ohun tuntun kọ́, yóò kọ́ àwọn yòókù. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá gbé arúgbó mọ́, àti pé, àfi tó bá jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀mí, ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé kì í ṣílẹ̀kùn kí ó tó sun wákàtí 4. Àwọn kan ní àdúgbò ní a ti ń gbéra ga. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n a kò yí i padà.

Ẹ̀yìn ẹni wa kò tíì padà bọ̀ sípò tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń rúkúù. Ọmọ-ọmọ Bàbá, ọmọ ọdún 17, ló ń bá a di etí aṣọ kejì mú báyìí. Lálẹ́ Àlàmísì tó kọjá, kí wọ́n tó fà á, ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Dúró ná," ló wí. "Tẹ eékún rẹ."