Àkùkọ Tí Mo Yàn Nítorí Ẹwà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àkùkọ ni mo mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí àkùkọ kan ṣoṣo ni ó fi ọdún méjì mi ṣòfò, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo padà sí Ìbòkun, ìlú àwọn baba mi, mo sì ra àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́jọ. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, mo sì pinnu pé láti ara òròmọdìẹ àti ẹyin ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ti máa wá. Ó kù kí n wá akọ fún wọn. Mo lọ sí ọjà, mo sì rí àkùkọ funfun kan, irú èyí tí à ń pè ní adìẹ àgíríìkì. Ogbe rẹ̀ pọ́n bí osùn, àyà rẹ̀ fẹ̀, nígbà tí ó sì kọ, gbogbo ọjà ni ó yíjú wò ó. N kò tilẹ̀ ná an dáadáa. Bàbá mi ṣe òṣómàáló ní ìgbà ayé rẹ̀. Bí ó bá rí mi lọ́jọ́ náà, ojú ìbá tì í.

Àwọn ọmọ tí àkùkọ náà bí yára dàgbà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n funfun ni púpọ̀ nínú wọn, àṣá sì ń rí wọn láti òkè bí ẹni rí aṣọ tí a sá sórí koríko. Àwọn tí àṣá kò gbé kò mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ wá oúnjẹ; ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọn a máa retí àgbàdo. Nígbà tí àwọn abo inú wọn dàgbà, wọ́n yé ẹyin ju ti ìbílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò sàba. Wọn a yé e tán, wọn a sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, lùkúlùkú wọ àdúgbò wa. Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìparí 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni àwọn oníṣègùn ẹran ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ọrùn adìẹ a lọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ a di àwọ̀ ewé, kò sì sí oògùn tí í wò ó, bí kò ṣe àjẹsára tí a ti fún un ṣáájú. Èmi kò fún wọn. Ẹ̀bi mi ni. Nínú adìẹ 31, mẹ́rin ni ó kù: àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́ta, àti àkùkọ funfun náà.

Yèyé kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wá bá mi kẹ́dùn. Mo wí fún un pé, “Yèyé, ẹ wò ó, akọ yìí le, kò kú.” Ó wò ó títí, ó sì bi mí pé, “Tíṣà, ta ni ìyá rẹ̀?” Mo ní, “Ọjà ni mo ti rà á, Yèyé, báwo ni n ó ti mọ ìyá rẹ̀?” Ó dáhùn pé, “Ṣé bí o ti fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ náà nìyẹn?”

Mo padà lọ bi ẹni tí ó tà á fún mi. Ó ní wọ́n ti fún un ní àjẹsára láti kékeré. Ẹ kò rí i? Àbò tí abẹ́rẹ́ fún un, kò lè fi jogún fún ọmọ.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún 30, n kò sì ṣe ìṣirò yìí rí. Bí àgbébọ̀ kan kò bá dára, ọmọ tirẹ̀ nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkùkọ kan láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ, òun ni baba gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ kì í yé ẹyin, kì í sì í sàba, tí a ó fi lè wo ojú rẹ̀ kí a mọ irú abo tí yóò bí. Ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ni a ó wò.

Yèyé mú mi lọ wo àgbébọ̀ rẹ̀ kan, abọ́lọ́rùn ni, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ. Ọrùn tí kò ní ìyẹ́ a máa jẹ́ kí ooru ara tètè jáde. Ẹyin 11 ni ó sàba lé, ó pa mẹ́wàá, ó sì tọ́ mẹ́jọ dàgbà lójú àṣá. Akọ mẹ́ta wà nínú wọn. Mo tún nawọ́ sí èyí tí ó tóbi jù! Yèyé fọ́n ìyẹ̀fun ikán díẹ̀—àní ikán tútù ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun—sílẹ̀ níwájú wọn. Èyí tí ó tóbi gbé e mì. Àbúrò rẹ̀ ké, ó pe àwọn abo wá, ó sì dúró títí wọ́n fi jẹ. Yèyé ní, “Èyí ni akọ, ẹran ọbẹ̀ ni ìyẹn.” Ó tún fi ọwọ́ tọ eegun àyà rẹ̀ bóyá ó tọ́, ó wo ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí àkùkọ pẹ́ títí yóò fi máa gun àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní ọdún méjì méjì, òun àti ìbátan rẹ̀ kan ní Ẹ̀sà-Òkè a máa ṣe pàṣípààrọ̀ akọ. Irú yíyàn báyìí, pẹ̀lú ìwé àti òṣùwọ̀n, ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta ṣe lára adìẹ ilẹ̀ wa títí wọ́n fi mú irú kan jáde tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, FUNAAB Alpha.

Mo ta akọ funfun náà lọ́jọ́ kan náà, mo sì kó ẹyin ọ̀sẹ̀ náà fún àgbébọ̀ láti sàba. Ní ọjọ́ 21, òròmọdìẹ mẹ́sàn-án jáde, méjì nínú wọn funfun! N kò mọ̀ nígbà náà pé àgbébọ̀ a máa pa àtọ̀ akọ mọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìbá dára kí n ti dúró tó bẹ́ẹ̀ kí n tó sa ẹyin jọ. Mo sì ń fún gbogbo wọn ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yèyé ń yọ ṣùtì sí i.

Lóṣù tí ó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Ọ̀tan-Ilé láti ra akọ. Ọ̀kan nínú àwọn funfun méjì náà ni ó nawọ́ sí. Mo wí fún un pé mo mọ baba rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn ìwà rẹ̀. Ó ní ẹwà rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Owó tí ó san ni mo fi parí owó ìdánwò ọmọ náà.