Obìnrin Nínú Ìtàn Òkú Tí Ń Mu Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, n kò ṣiyèméjì sí òwe náà rárá. Opó kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ta ẹ̀kọ, kì í sì í ṣàì fi èènì sí i fún mi. Nígbà tí ọmọ méjì kú léraléra ní agbo ilé tí ó kọjú sí tirẹ̀, àwọn ènìyàn kò ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Àwa ọmọdé a sì máa sá bí a bá ti rí i. Ó kó kúrò ní ìlú kí ọdún tó yí po. N kò rántí pé ẹnì kan bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Mo ti di olùkọ́ kí n tó ka Dracula, ìwé tí Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tẹ̀ jáde ní 1897. Ìtàn ìjòyè kan ni, tí ó ti kú, ṣùgbọ́n tí ó ń jí dìde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ẹni tí ó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ kú lè di irú rẹ̀. Mo rò pé òkú náà ni yóò bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ìwé náà ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Lucy Westenra. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó wá bá a sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó béèrè ìdí tí ọmọbìnrin kò fi lè fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíá ni ó sì tún dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé kò gbàgbé rẹ̀. Òkú náà mu ẹ̀jẹ̀ Lucy. Ọkùnrin mẹ́rin fa ẹ̀jẹ̀ ara wọn fún un, síbẹ̀ ó kú. Ó jí dìde, ó ń dọdẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gan-an ni ó gbá èèkàn igi wọ inú ọkàn rẹ̀. Wọ́n gé e lórí, wọ́n sì fi aáyù kún ẹnu rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, Lucy a máa kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti di òkú tí ń rìn, ẹnu àwọn ọkùnrin nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń gbé ilé ìjòyè náà kò tilẹ̀ ní orúkọ.

Kí a má gbàgbé àkókò náà. Ní 1897 àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Ní 1918 ni a fún díẹ̀ nínú wọn, ó sì di 1928 kí ẹ̀tọ́ wọn tó dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin. Obìnrin tí ó mọ ohun tí òun ń fẹ́, tí ó sì sọ ọ́ síta, ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù.

Mina, ọ̀rẹ́ Lucy, jẹ́ olùkọ́ bí tiwa. Òun ni ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ wọn, tí ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, tí ọ̀ràn fi yé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Van Helsing yìn ín pé ọpọlọ ọkùnrin ni ó ní, bí ẹni pé ọpọlọ obìnrin kò lè tó bẹ́ẹ̀! Lẹ́yìn èyí wọ́n ní kí ó máa lọ sùn, nítorí ìgbìmọ̀ náà kò yẹ obìnrin. Ìgbà tí wọ́n pa á tì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún pè é padà, òun ni ó fi àwòrán ilẹ̀ ṣe ìwádìí odò tí ọ̀tá náà yóò gbà sá lọ. Síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó kọ ojú ìwé ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ Van Helsing ni ó sì parí rẹ̀.

Stoker, nígbà náà, ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí: obìnrin tí a yọ kúrò nínú ìmọ̀ràn ni ibi rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò wí pé kí a sun ìwé náà. Mo ń kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé mi, mo sì ń bi wọ́n pé: Ta ni ń sọ̀rọ̀? Ta ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ní ọjọ́ kan ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí ẹni tí ó bi Lucy léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí ni?" Mo dákẹ́, nítorí opó ẹlẹ́kọ ni ó wá sí mi lọ́kàn. Èmi náà jẹ èènì rẹ̀, mo sì sá fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ìwé bá ń wí fún wa pé obìnrin kan ń mu ẹ̀jẹ̀, kí a kọ́kọ́ wá ojú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Bí a kò bá rí i, kí a mọ̀ pé ẹjọ́ náà kò tíì parí.